Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: férémù gíláàsì iwájú ò jókòó lórí búgì tí mò ń kọ́

Ọmọ_Òkè_Àdó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ra bọ́dì búgì onífáíbà (búgì ni ọkọ̀ kékeré aláìlórùlé tí wọ́n fi ń ṣeré lórí iyanrìn), irú èyí tí Bruce Meyers bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1964, mo sì ti gbé e lé ṣaṣí Ìjàpá Volkswagen. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ìjókòó ti wọlé. Férémù gíláàsì iwájú ló kù. Alumíníọ́mù ni, gíláàsì tó máa wọ inú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí mo bá gbé e lé bọ́dì, apá ọ̀tún á jókòó, apá òsì á gbé sókè débi pé ìka mi wọ abẹ́ rẹ̀. Wẹ́dà àdúgbò ní kí n fi bóòtì fà á wálẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ni kí n ṣe, irú oníṣẹ́ wo sì ni kí n gbé e lọ bá n'Íbàdàn níbí?

Baba_Gáréèjì: Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bóòtì fa nǹkan kan wálẹ̀! Férémù tí wọ́n bá fipá mú á lọ́. Gíláàsì kì í lọ́ ní tiẹ̀, ńṣe ló ń là. O lè má rí i lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, tàbí tí òjò rọ̀ lé gíláàsì tí oòrùn ti sun látàárọ̀, ni wàá rí ilà tíńrín kan ní igun ìsàlẹ̀ tó ń rìn lọ sókè.

Kọ́kọ́ mọ èyí tó wọ́ nínú àwọn méjèèjì. Gbé férémù sórí ilẹ̀ tó tẹ́ dáadáa, kí o sì wọn ọ́n láti igun dé igun, lọ́tùn-ún lósì. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ọmọ_Òkè_Àdó: Mo ti gbé e sórí táìlì, sà. Ó tọ́, ó sì dọ́gba. Bọ́dì ló jẹ̀bi.

Ìyá_Fáíbà: Mo ti fura. Bọ́dì tí wọ́n bá yọ kúrò nínú móòdù kí résìn, oje tó ń di fáíbà pọ̀, tó gan tán máa ń wọ́ báyẹn. Má gé férémù o. Ibi tó ṣófo ni kí o kún. Fi tépù ọ̀rá wé ẹsẹ̀ férémù, fi ìda pa á kó má bàa lẹ̀. Ha bọ́dì níbẹ̀ kó le gba résìn. Po résìn mọ́ fáíbà tí o gé wẹ́wẹ́, kó ki bí àmàlà tó rọ̀, tẹ́ ẹ síbẹ̀, kí o wá gbé férémù lé e. Pákó ni kí o fi dá a dúró ní ìdúró tó yẹ. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá gan, tí o gbé férémù kúrò, wàá rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ihò lílu: lẹ tépù bébà sójú ibẹ̀, fi dírìlì kékeré ṣáájú, sì jẹ́ kó máa yí sẹ́yìn títí yóò fi jẹ awọ dídán òkè tán. Tó o bá sáré wọ̀ ọ́, awọ yẹn á bó.

Rewáyà_Mókólá: Kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan, ẹ jókòó sínú ọkọ̀. Tí etí òkè férémù bá bọ́ sí ọ̀gángán ojú yín, irin lẹ máa máa wò láti Challenge dé Ìwó Road. Ẹ rántí àyè mọ́tò wáípà náà, èèyàn kì í rántí ẹ̀ àfi ìgbà tó bá ti lẹ gbogbo ẹ̀ tán.

Sípánà13: Èmi ò fara mọ́ fáíbà nìkan. Ẹ fa irin láti ẹsẹ̀ férémù lọ sí ṣaṣí.

Baba_Gáréèjì: Ìyẹn dára fún àwọn tó ń kọ́ àwòkọ Cobra, ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ yẹn, òpó gíláàsì tiwọn máa ń gba inú bọ́dì kọjá lọ mú irin ìsàlẹ̀. Ti búgì kọ́. Bọ́dì búgì máa ń mì. Tí irin bá di férémù mú nígbà tí bọ́dì ń mì, fáíbà ló máa ya. Irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ lábẹ́ bọ́dì ti tó, kì í ṣe wáṣà kékeré tó máa rì wọ inú fáíbà. Kó o sì máa di bóòtì díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì.

Ọmọ_Gate: Gíláàsì ńkọ́? Wọ́n lè fẹ́ bá yín gé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní Aràròmí. Ẹ má gbà: kò ṣeé gé, tí wọ́n bá gbìyànjú rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́. Oníbejì tí ọ̀rá wà láàárín ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gé á fa ilà sójú méjèèjì, á ṣẹ́ ẹ, á wá fi abẹ gé ọ̀rá àárín. Ẹ mú páálí tẹ́ ẹ fi wọn inú férémù lọ, kí gíláàsì sì kéré sí i ní bíi mílímítà 3 yí ká, kí rọ́bà lè ráyè.

Ọmọ_Òkè_Àdó: Ẹ ṣé gan-an. Nítorí náà, kì í ṣe wẹ́dà ni mo máa gbé e lọ bá?

Ìyá_Fáíbà: Wẹ́dà mọ irin, ẹ jẹ́ kó máa ṣe irin ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bọ́dì àti táńkì fáíbà ni kó o wá. Kí o sì dúró tì wọ́n o, nítorí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n da hádínà, oògùn tó ń mú résìn gan, púpọ̀ kó lè tètè gan. Ó máa sán ni. Tí òjò bá ṣú lọ́jọ́ náà, sún un síwájú.