Ọ̀rá tí a ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé: orúkọ méjì ló yẹ ẹ́

Àwọn àbá tó wà nílẹ̀ fún orúkọ Yorùbá tí a lè fún ọ̀rá tí à ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé, kí ará ìta má baà rí inú ilé, ni "abàṣírí", "ìbòjú fèrèsé" àti "kọ́tìnì ọlọ́ràá".

Mi ò fara mọ́ "abàṣírí" rárá. Bí a bá ní "Ọlọ́run á bo àṣírí wa", gbèsè, àìní àti àbùkù ló wà lọ́kàn wa. Obìnrin tó sùn sí yàrá rẹ̀, tàbí ìdílé tó jókòó ti oúnjẹ alẹ́, kò ní ohun ìtìjú kankan tó ń fi pamọ́. Kò kàn fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa wo òun ni. Bí a bá sì fẹ́ fi "ìkọ̀kọ̀" rọ́pò rẹ̀, kò sàn jù ú lọ: ẹ ní ẹnìkan ń ṣe nǹkan ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ wo bí ará àdúgbò yóò ṣe fura.

"Ìbòjú" ló sún mọ́ ọn. Ní Ìlọrin, a mọ àwọn ẹlẹ́hàá, a sì mọ̀ pé ẹni tó fi ìbòjú bojú ń rí ìta, ará ìta ni kò rí i. Ọ̀wọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi ọ̀rá méjì ló gbajúmọ̀, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba.

Èkíní ń dán bíi dígí. Irin tín-ín-rín tí wọ́n fi tẹ́ ojú rẹ̀ ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Lọ́sàn-án, nígbà tí ìta bá mọ́lẹ̀ ju inú ilé lọ, ojú ara rẹ̀ ni ẹni tó wà níta máa rí. Ẹni tó wà nínú á máa wo ìta. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú, tí NEPA mú iná wá, tí a tan gílóòbù, inú ilé ló mọ́lẹ̀ jù nígbà náà. Onílé ló wá ń rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ẹni tó ń kọjá sì ń rí onílé. Ní àdúgbò bíi Tankẹ ní Ìlọrin, níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọjú síra, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí láti ara orúkọ rẹ̀. Mo dábàá "ìbòjú-ọ̀sán".

Èkejì funfun, kò sì mọ́ gaara. Ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ó ń fọ́n ọn ká, kí a má baà rí ju òjìji lọ, tọ̀sán-tòru. Onílé pàápàá kò ní lè wo ìta, nítorí náà kò jọ ìbòjú. "Ọ̀rá bàìbàì" tó o.

Àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ fún wa ń pe méjèèjì ní "tíńtẹ́ẹ̀dì". Mo mọ̀ pé ó yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n láti ìgbà òfin ọdún 1991 tó de gíláàsì dúdú lára ọkọ̀, ọlọ́pàá àti ìwé àṣẹ lọ̀rọ̀ náà ń mú wá sọ́kàn. Ẹ jẹ́ kó máa bá ọkọ̀ lọ.

Ní ti "kọ́tìnì ọlọ́ràá", ooru oṣù kẹta ni kí ẹ fi dán an wò. Bí a bá ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé, kọ́tìnì ṣì wà níbẹ̀ tó ń bò wá. Ọ̀rá ti bá gíláàsì lọ. Ti fèrèsé lúfà tún le jù: gíláàsì kọ̀ọ̀kan la ó lẹ̀ lọ́tọ̀, bí a bá sì ṣí i, àlàfo ló kù. Iṣẹ́ kọ́tìnì kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló kù. "Lẹ̀ mọ́" bá èyí tó ní gọ́ọ̀mù mu, tí à ń fi omi ọṣẹ tẹ́ kí a tó fún omi abẹ́ rẹ̀ jáde. Àmọ́ ọ̀kan wà tí kò ní gọ́ọ̀mù rárá, tí ayálégbé lè ṣí kúrò kó sì gbé e dání bó bá ń kó lọ. Ẹ̀yin ará Ìgbómìnà, ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tó fara mọ́ nǹkan láìsí àtè?