Kí ló ń sọ ìlà funfun ẹ̀yìn bàálù di òrùka?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn. Láàárọ̀ àná, ojú ọ̀run mọ́ gaara, bàálù ńlá kan sì kọjá lókè ilé wa, ó fi ìlà funfun méjì tó gún régé sílẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, àwọn ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, wọ́n kan ara wọn, wọ́n já, ohun tó kù sì dà bí òrùka tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Kí ló fà á?

Èsì
Ààjà méjì lẹ rí yẹn. Kí bàálù tó lè dúró lófurufú, afẹ́fẹ́ abẹ́ apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tì í lágbára ju ti òkè lọ. Ní ṣóńṣó apá, níbi tí kò ti sí ohun tó dí i lọ́nà mọ́, afẹ́fẹ́ abẹ́ á yí gba etí apá bọ́ sókè, á sì ká ara rẹ̀ jọ bí ìgbà tí èèyàn ń ká ẹní. Ti ọ̀tún àti ti òsì ń yí lòdì síra wọn. Oru omi láti inú ẹ́ńjìnnì ló di yìnyín kéékèèké nínú òtútù òkè, tí ààjà gbé mì, tí ojú fi rí i.

Ààjà kọ̀ọ̀kan ń ti èkejì rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ díẹ̀, ibi tí wọ́n ti sún mọ́ra á gba ìtì tó le ju ibi tí wọ́n ti jìnnà síra lọ, títẹ̀ náà á sì máa pọ̀ sí i. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, S. C. Crow, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1970: ìgbì (ìyẹn títẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ náà) tó ń yára dàgbà jù gùn tó nǹkan bí ìlọ́po 8.6 àlàfo àárín ààjà méjèèjì. Bí apá bàálù bá fẹ̀ tó 60 mítà, àlàfo náà á tó 47 mítà, ìgbì á sì tó 400 mítà. Níbi tí wọ́n bá ti kanra, ọ̀tún á pa yíyí òsì, ìyókù á sì so pọ̀ di òrùka.

Èsì
Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó ká mi lára: nítòsí ilẹ̀, ààjà yìí kì í sábà hàn, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ rọ́rọ́ gan-an ló ń pẹ́ jù, torí atẹ́gùn tó ń rú ló ń tètè tú u. Ìdí nìyẹn tí bàálù kékeré fi ń dúró fún ìṣẹ́jú 2 kó tó gbéra lẹ́yìn bàálù ńlá lójú ọ̀nà kan náà.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Òrùka náà ńkọ́, ibo ló ń lọ?

Èsì
Ó ń fọ́ sí ààjà wẹ́wẹ́, àwọn yẹn náà á tún fọ́ sí wẹ́wẹ́ mìíràn, títí tí fífara-gbora afẹ́fẹ́ yóò fi sọ gbogbo yíyí wọn di ooru díẹ̀.