Ọ́ìlì ń gbẹ nínú ẹ́ńjìnì mi, bẹ́ẹ̀ ni kò kán sílẹ̀

Àkànní, Kétu
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ya kọ́nà kan lẹ́yìn Pọ́bẹ̀, iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì kú nígbà tí ọ̀nà gún. Mo dúró, mo fa géèjì yọ, ó gbẹ táútáú, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì pẹ́ tí mo ṣe vidange, ìyẹn pípààrọ̀ ọ́ìlì. Mo wo abẹ́ ọkọ̀, kò sí ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ohun tí mo kàn ń rí ni èéfín aláwọ̀ aró tó ń jáde ní sàlẹ́ńsà. Mẹkáníìkì kan ní Kétu níbí ti ní ríìngì, àwọn òrùka irin tó yí písítìn ká, ló jẹ, pé kí n mú 350,000 sẹ́fà wá kí òun tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ lónìí olónìí. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo máa gbé àwọn àna mi gba Ìlárá lọ sí Abẹ́òkúta fún ìnáwó. Ṣé kí n sanwó ni, àbí kí n máa bu ọ́ìlì kún un lọ?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Àbúrò mi, má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àjàṣẹ́, irú èyí ṣe ọkọ̀ tí mo fi ń kó aṣọ lọ sí ọjà Wàǹdó. Wọ́n ní ríìngì ni, mo sì sanwó ríìngì. Wọ́n tú ẹ́ńjìnì náà, wọ́n tò ó padà, èéfín kò dáwọ́ dúró. Ọmọ kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ló yọ fáàfù kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ lára ìdérí ẹ́ńjìnì, ó mì ín létí mi, kò dún. Ó ní bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni, ó yẹ kí ó máa ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. PCV ni wọ́n ń pè é, òun ló ń fa èéfín tó há sínú ẹ́ńjìnì padà síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí ó lè jóná. Bí ó bá là sílẹ̀ tí kò padé mọ́, ọ́ìlì á máa bá èéfín yẹn lọ. Bí ó bá sì dí pa, èéfín á kún inú ẹ́ńjìnì, á máa ti ọ́ìlì jáde níbikíbi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Owó tí mo fi rà á kò tó owó ọ̀pá ànkárá mélòó kan. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rẹ, jẹ́ kó kọ́kọ́ yọ ìyẹn wò, kó sì wo inú ọ̀pá rọ́bà tó so mọ́ ọn.

Tísà Físíìsì, Àjàṣẹ́
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣáájú ìyẹn. Àkànní, ìgbà wo gan-an ni èéfín náà ń jáde? Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí o bá kọ́kọ́ ṣíná láàárọ̀ nìkan ni, tí ó sì ń lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, rọ́bà kékeré tó wà lọ́rùn àwọn fáàfù inú ẹ́ńjìnì, kì í ṣe PCV, ló ti gan, tí ọ́ìlì fi ń kán wọ inú sìlíńdà ní gbogbo òru. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tí ọkọ̀ ń fa ẹrù gun òkè, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ríìngì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo ní ìsàlẹ̀ òkè, tí o wá tún tẹ̀ ẹ́, ni èéfín ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ padà sọ́dọ̀ rọ́bà fáàfù yẹn. Èéfín funfun tó ń ṣú, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Èéfín dúdú, epo bẹntiróòlù ló pọ̀ jù. Irú ọkọ̀ wo ni? Ṣé ó ní tọ́bò? Kìlómítà mélòó ló ti rìn?

Ní ti iná pupa yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré. Kì í ṣe iye ọ́ìlì ló ń wọ̀n, agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré nínú ẹ́ńjìnì ló ń wọ̀n. Kí ó tó lè tàn ní kọ́nà, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ débi pé ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ọ̀mpù sì ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Má ṣíná sí ọkọ̀ náà mọ́ títí ọ́ìlì yóò fi dé àmì òkè.

Bàbá Onímọ́tò, Sábẹ̀ẹ́
Ìwé ni ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ fi ń tún ọkọ̀ ṣe. Mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú yín. Ọkọ̀ mi àtijọ́ mu ọ́ìlì títí ó fi sú mi. Mo da ọ́ìlì tó ki, 20W-50, sí i, èéfín rọlẹ̀, mo sì ń fi ná Sábẹ̀ẹ́ sí Kútọ̀nú láìsí wàhálà. Kí Àkànní da ọ́ìlì tó ki sí i, kó gbé àna rẹ̀ lọ síbi ìnáwó, kó yéé fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ àwọn tísà.

Tísà Físíìsì, Àjàṣẹ́
Bàbá, ẹ kú àgbà o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta ko èyí. Ọ́ìlì tó ki lè dín ohun tí ẹ́ńjìnì ń mu kù lóòótọ́, pàápàá ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí àlàfo inú rẹ̀ ti gbòòrò. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó tú ríìngì tí ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ písítìn. Ríìngì ìsàlẹ̀, èyí tó ń ha ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀. Bí ihò wọ̀nyí bá dí nítorí pé wọ́n fi vidange falẹ̀, ọ́ìlì á dúró sókè, iná á sì jó o. Ẹ́ńjìnì òde òní sì tún ní àwọn ojú ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà lọ ṣe àtúnṣe àkókò tí fáàfù ń ṣí. Ọ́ìlì tó ki jù á máa pẹ́ kó tó débẹ̀, iná ẹ́ńjìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

Bàbá Onímọ́tò, Sábẹ̀ẹ́
Pẹ́ kó tó débẹ̀ kẹ̀? Òtútù wo ló wà ní Sábẹ̀ẹ́? Nínú oṣù kẹta, ẹ wá gbé ọwọ́ lé àpáta wa kí ẹ tó sọ fún mi pé ọ́ìlì máa dì.

Tísà Físíìsì, Àjàṣẹ́
Nọ́ńbà iwájú ni ti òtútù, Bàbá. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ni ti ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà wa wà. Mo gbà fún yín níbì kan: ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru fàyè gba ju oríṣi ọ́ìlì kan lọ, wọ́n sì kọ ìwọ̀n ooru tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu síbẹ̀. Bí ìwé ọkọ̀ Àkànní bá dárúkọ 15W-40 tàbí 20W-50, kó lò ó. Bí 0W-20 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, fífò láti ibẹ̀ lọ sí 50 kì í ṣe ìtọ́jú, ńṣe ni ó ń bo èéfín mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rí má baà hàn.

Bàbá Onímọ́tò, Sábẹ̀ẹ́
Ọkọ̀ tokunbọ̀ wo ló bá ìwé rẹ̀ wá láti Kútọ̀nú?

Àbẹ̀kẹ́, Kétu
Bàbá ti fi ìyẹn mú yín, Tísà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún Àkànní nípa ohun tó ná èmi lówó. Nígbà tí ọ́ìlì ọkọ̀ mi ń dín kù, ẹ̀rù bà mí, mo wá ń bu ọ́ìlì sí i ní gbogbo ìgbà. Orí ibi tó dagun níwájú ilé ni mo ti ń fa géèjì, bí mo bá sì ṣe ń pa iná ni mo ń fà á, nígbà tí ọ́ìlì kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán. Kò yé mi pé ó ti kọjá àmì òkè. Irin inú ẹ́ńjìnì tó ń yí ń lu ọ́ìlì náà títí ó fi ń hó bí ọṣẹ, ìfóòfó yẹn sì ń bá èéfín lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Èéfín ìlọ́po méjì ni mo fi owó ara mi rà. Nígbà tó yá, rọ́bà ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọ́n sì ní láti sọ gíà kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pa iná, dúró fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, nu géèjì nù, tì í bọ̀ ọ́ délẹ̀, kí o tó fà á wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láti àmì ìsàlẹ̀ dé àmì òkè kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa bù ú.

Àlàó, Àjàṣẹ́
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọ́ìlì, kò sẹ́ni tó bi Àkànní níbi tó ti ra epo. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń ta kpayo, epo fàyàwọ́, ní ẹ̀bá ọ̀nà ní ìgò ti bẹntiróòlù lásán, wọ́n sì tún ní ìgò ti mélange tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́ fún àwọn alùpùpù àtijọ́? Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná kò sí, wọ́n da mélange sí ọkọ̀ mi. Mo wọ Àjàṣẹ́ pẹ̀lú èéfín aró, ọlọ́kadà kan sì ń juwọ́ sí mi bí ọmọ ẹgbẹ́.

Àbẹ̀kẹ́, Kétu
Ẹ kí zém, ọlọ́kadà, tuntun ìlú Àjàṣẹ́ o! Ṣùgbọ́n mélange kò lè gbẹ ọ́ìlì orí géèjì. Èéfín nìkan ni ìyẹn lè ṣàlàyé. Plọ́ọ̀gì sì lè dọ̀tí.

Tísà Físíìsì, Àjàṣẹ́
Àbẹ̀kẹ́ gbà á. Plọ́ọ̀gì yẹn ni mo fẹ́ kí Àkànní yọ wò: èyí tó tutù, tó dúdú, tó sì ní ọ́ìlì lára ni yóò fi sìlíńdà tó ń mu ún hàn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wọn ìfúnpá. Wọ́n á fi géèjì ìfúnpá sí ihò plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ta ẹ́ńjìnì. Ihò tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀, wọ́n á da ọ́ìlì ìwọ̀nba síbí kan sínú rẹ̀, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, ríìngì ló jẹ. Bí kò bá yí padà, ẹ wo fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì fi èsì tó dára tan yín: ríìngì òkè méjèèjì ló ń di ìfúnpá mú, ríìngì ọ́ìlì lè ti bàjẹ́ kí nọ́ńbà náà ṣì dára.

Bí ó bá sì jẹ́ rọ́bà fáàfù, kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi afẹ́fẹ́ tàbí okùn tí wọ́n kì sínú sìlíńdà gbé fáàfù dúró, á sì pààrọ̀ rọ́bà náà látòkè.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
350,000 nítorí rọ́bà! Àwọn ará Kétu ní ẹnubodè Akaba Ìdẹ́nà tó ń ṣọ́ ìlú wọn lọ́wọ́ ọ̀tá, kò sí ìdẹ́nà tó ń ṣọ́ àpò wọn lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Àbẹ̀kẹ́, Kétu
Ìyá Ìbejì, ẹ fi Kétu sílẹ̀ o. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti gba owó ríìngì lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.

Bàbá Onímọ́tò, Sábẹ̀ẹ́
Ẹ gbé e wá sí Sábẹ̀ẹ́. Mẹkáníìkì tiwa kì í purọ́, nítorí pé tí ó bá purọ́, a mọ ilé bàbá rẹ̀.

Àlàó, Àjàṣẹ́
Bàbá, kí ọkọ̀ tó dé Sábẹ̀ẹ́, yóò ti mu agolo méjì. Ohun tí èmi ń ṣàárò ni ọjà páàtì Gate ní Ìbàdàn. Èèyàn á gbé ọkọ̀ dé, mẹkáníìkì á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyá rẹ, á bá ọ jẹun tán, á wá fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnì. Òun náà á rẹ́ ọ jẹ o, ṣùgbọ́n ní èdè tí o lè fi bẹ̀ ẹ́ ni. Níbí, bí èmi àti mẹkáníìkì mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa owó, á yà sí Ègùn, ó di kí n máa wo ẹnu ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ládípọ̀ ni tèmi. Bí mo bá ń lọ kó aṣọ l'Ékòó, mo máa ń yà síbẹ̀ ra fáàfù àti rọ́bà, kódà bí ọkọ̀ mi kò bá ní nǹkan kan. Ariwo ibẹ̀ nìkan tó mi.

Tísà Físíìsì, Àjàṣẹ́
Kí a má tíì gbàgbé pé ohun tó dènà èyí rọrùn ju àtúnṣe rẹ̀ lọ. Kì í ṣe tokunbọ̀ nìkan ló ń mu ọ́ìlì. Ní Amẹ́ríkà, Toyota ṣe ètò fún Camry 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnì 2AZ-FE: wọ́n ń dán ọkọ̀ wò, èyí tó bá mu kúọ̀tì kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan, láàárín máìlì 1,200, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 1,900, wọ́n á pààrọ̀ písítìn àti ríìngì rẹ̀. Ètò náà ti parí tipẹ́, ẹ má kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni kí á wọ̀n ọ́n: ẹ bù ú dé àmì òkè, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀, ẹ máa wò ó lójú kan náà títí ẹ ó fi mọ iye tó ń lọ. Ní ti vidange, pẹ̀lú eruku àti ooru wa, èmi kì í jẹ́ kí tèmi kọjá kìlómítà 5,000, ohun yòówù kí agolo kọ sára. Ọ́ìlì tí wọ́n ń bù tà láti inú dúrọ́ọ̀mù, n kì í súnmọ́ ọn.

Bàbá Onímọ́tò, Sábẹ̀ẹ́
Ti dúrọ́ọ̀mù yẹn, a fohùn ṣọ̀kan. Ti 50, mo ṣì dúró síbi tí mo wà.

Àkànní, Kétu
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi ọ́ìlì kún un, iná pupa kò tàn mọ́. PCV náà, nígbà tí a mì ín, kò dún dáadáa, a ti ń wá òmíràn. Èéfín ti àárọ̀ ń lọ láìpẹ́, ṣùgbọ́n mo rò pé mo tún rí díẹ̀ nígbà tí mo gun òkè, n kò lè búra. Mẹkáníìkì wa gbọ́ pé mo ń béèrè kiri, ó ti sọ ọ́ di 200,000 láìtíì ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Tún béèrè kiri díẹ̀ sí i, yóò di ọ̀fẹ́.

Àbẹ̀kẹ́, Kétu
Àkànní, bí o bá lọ ní Sátidé, gbé agolo ọ́ìlì kan dání, kí o sì máa fa géèjì ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró, ìbáà jẹ́ pé àna rẹ ń kanra. Bí o bá dé Abẹ́òkúta, bá mi ra ìrẹsì Ọ̀fadà, màá sanwó nígbà tí o bá dé. Má fi í sínú búùtù pẹ̀lú ọ́ìlì o, jẹ́ kí ìyá ìyàwó rẹ gbé e lẹ́sẹ̀.