“Orin aláìlétò” kọ́ ni jáàsì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìròyìn nípa àwọn àwo jáàsì tuntun ní èdè Yorùbá bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa: kí ni ká pe àwo, kí ni ká pe oríṣiríṣi ẹ̀yà jáàsì, kí la ó sì pe ohun tí olórin ń ṣe tó bá kúrò lórí orin tí wọ́n kọ sílẹ̀, tó ń fi tinú ara rẹ̀ ṣeré. Àwọn kan dábàá “àkójọ orin” fún àwo, “jáàsì òmìnira” (free jazz) àti “jáàsì ẹ̀mí” (spiritual jazz) fún ẹ̀yà, àti “orin aláìlétò” fún fífi tinú ara ẹni ṣeré (improvisation). Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ti ìkẹyìn yẹn wọ ìwé.

Ti àwo kò gba àríyànjiyàn. Àwo ni Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò ní Abẹ́òkúta níbí, ń gbé jáde nígbà ayé rẹ̀. Àwo la ṣì ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ orí fóònù la ti gbọ́ ọ.

“Aláìlétò” ló ká mi lára. Létí Yorùbá, ohun tí kò létò ti dàrú nìyẹn. Ẹ wo Kind of Blue, àwo tí Miles Davis, afunfèrè jáàsì, ṣe ní 1959. Bill Evans tó tẹ dùùrù níbẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn àwo náà pé wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó gba ohùn sílẹ̀ ni Miles ronú àwọn orin náà, ìlànà ṣókí ló sì kọ wá fún wọn. Ìlànà ṣókí yẹn ni gbogbo wọn dúró lé. Kódà ẹ wo Free Jazz ti Ornette Coleman, onísáksófóònù, àwo tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe odindi ẹ̀yà kan. Olórin 8 ló kó jọ ní December 1960, ó pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan ń dún létí ọ̀tún, èkejì létí òsì, wọ́n sì ṣeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 37. Síbẹ̀, àwọn ìlà orin kan wà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, tí wọ́n ń fọn pa pọ̀ kó tó kan ẹlòmíràn. Ètò ni.

Ọ̀rọ̀ tí a ń wá ti wà lẹ́nu àwọn onílù wa. Ẹnìkan ń dá, àwọn yòókù ń gbè. Bí omele bá di ìlù mú sójú kan, tí ìyáàlù wá bọ́ síta, a ní ó ń dárà. Ẹ jẹ́ ká fi dánwò: “Nínú Dance, No One’s Watching tí ẹgbẹ́ Ezra Collective gbé jáde ní 2024, ìlù Fẹ́mi Kọ́léọ̀ṣọ́ ń gbè, fèrè ń dárà lórí rẹ̀.” Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú máa gbọ́ èyí láìbèèrè. Tí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, “àrà dídá” wà.

Ẹnìkan lè ní dárà ti ní àṣehàn nínú, pé kò bá àwo jẹ́jẹ́ mu, bí èyí tí Shabaka, olórin jáàsì ní London, gbé jáde ní 2024, lẹ́yìn tó gbé sáksófóònù sílẹ̀ tó gbájú mọ́ fèrè ọparun. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò rí rí là ń pè ní àrà. Ìdákẹ́jẹ́ náà lè ní àrà.

“Jáàsì òmìnira” wù mí gan-an. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí àwa gba òmìnira tiwa nígbà tí Coleman ṣe àwo yẹn, aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà sì ń jà fún tiwọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo tó. “Jáàsì ẹ̀mí” ni n kò fara mọ́, nítorí inú ṣọ́ọ̀ṣì ni “orin ẹ̀mí” ń gbé ọkàn wa lọ. Àwo A Love Supreme ti John Coltrane, tó wà lára ẹ̀yà yẹn, ìjúbà fún Ọlọ́run ló fi ṣe. Kí ló dé tí a kò ní pe ẹ̀yà yẹn ní “jáàsì ìjúbà”?

Ní ti “jáàsì” fúnra rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Fẹlá tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí ní 1938 pe orin ẹgbẹ́ Koola Lobitos rẹ̀ ní háíláìfù-jáàsì, kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ yé.

Èyí tí n kò tíì rí ojútùú sí ni ẹ̀yà tí Herbie Hancock ṣe nínú Head Hunters ní 1973, jáàsì tó wọnú fọ́ńkì (funk, orin ijó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà), tí ẹgbẹ́ Kokoroko ní London náà ń fi háíláìfù àti afrobeat ṣe lónìí. “Àmúlùmálà” ní ẹ̀gàn nínú. “Àdàlù” ń fa ẹ̀wà àti àgbàdo wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni, òun ni mo sì ń tì lẹ́yìn báyìí. Ta ló ní èyí tó sàn jù ú lọ?