Ìmọ̀ràn: Báwo la ṣe lè ran àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ láti ronú lórí ìpè àti ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ wọn?

Akọ̀wé Ètò:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àpérò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ní kí n ṣètò ìpàdé tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti máa ronú lórí bí ìgbàgbọ́ wọn ṣe kan iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá, a pe olùbánisọ̀rọ̀ kan, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì gbáko. Àwọn olùkọ́ gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn agbálẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ìṣirò owó jókòó sẹ́yìn láìsọ ohunkóhun. Nígbà tí a parí, ọ̀kan nínú wọn wá bá mi, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ló wà fún. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ti ṣe tó ran gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀?

Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé:
Ẹ kú iṣẹ́ ńlá o. Lójú tèmi, ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ yẹn ti sọ ibi tí ìṣòro wà: nígbà tí a bá pe ọ̀rọ̀ náà ní "ìpè", ìyẹn iṣẹ́ tí Ọlọ́run pe ènìyàn sí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ ni àlùfáà, míṣọ́nárì àti olùkọ́. Èrò yìí ti pẹ́, ó sì ti pẹ́ bákan náà tí àwọn kan ti ń ta kò ó. Nínú ìwé tí Martin Luther, aṣáájú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, kọ sí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Jámánì ní 1520, ó sọ pé aránbàtà, alágbẹ̀dẹ àti àgbẹ̀, kálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, síbẹ̀ àlùfáà ni gbogbo wọn níwájú Ọlọ́run. Ṣáájú rẹ̀ ni ìlànà tí Benedict fi lélẹ̀ fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ (mọ́ńkì) ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà ti sọ, ní orí 31, pé kí ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ilé náà máa wo gbogbo ohun èlò bí ẹni pé ohun èlò pẹpẹ mímọ́ ni wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kò ní kí ó fi iṣẹ́ ìtọ́jú ẹrù sílẹ̀ kó tó lè jẹ́ ẹni mímọ́; inú ìkòkò àti ọkọ́ gan-an ló ti máa rí i.

Nítorí náà, ohun tí mo dábàá ni pé kí ẹ ní kí kálukú mú ohun kan tó ń fi ṣiṣẹ́ wá sí ìpàdé, bóyá kọ́kọ́rọ́, ìgbálẹ̀ tàbí ìwé àkọsílẹ̀ owó, kí ó sì sọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ohun náà ti ràn lọ́wọ́ rí. Nígbà tí a ṣe é, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló sọ̀rọ̀ jù, nítorí òun ló máa ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń sunkún lọ sílé lóru.

Àlùfáà Kọ́lẹ́ẹ̀jì:
Mo fara mọ́ èyí. Màá fi kún un pé kí ẹ dín ìwàásù kù, kí ẹ sì mú kí ìbéèrè pọ̀ sí i. Àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, ní ọ̀nà kan tó dára: ẹni tó ní ìpinnu lọ́kàn yóò pe àwọn mélòó kan jọ, iṣẹ́ tiwọn kò sì ju kí wọ́n béèrè ìbéèrè tòótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kì í gbà á nímọ̀ràn, wọn kì í sì í tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Wọn a dákẹ́ kí ó lè gbọ́ ara rẹ̀. Ó ṣòro fún àwa àlùfáà gan-an, ṣùgbọ́n ó ń so èso.

Fún ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín èrò, àyẹ̀wò ọkàn tí Ignatius ti Loyola, àlùfáà Kátólíìkì tó dá ẹgbẹ́ Jésúìtì sílẹ̀, kọ́ni dára. Ní òpin ọjọ́, ẹ dúpẹ́, ẹ tọrọ ìmọ́lẹ̀, ẹ rántí iṣẹ́ ọjọ́ náà láti òwúrọ̀, ẹ jẹ́wọ́ ibi tí ẹ ti kùnà, kí ẹ sì gbèrò ọ̀la. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún un.

Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́:
Ẹ wo àkókò ìpàdé yín. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru kò lè wá láìpàdánù oorun wọn. Ẹ ṣe é nínú wákàtí iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó lé lórí.

Òṣìṣẹ́ Ìṣirò Owó:
Mo ní àníyàn kan tí mo fẹ́ kí a fojú sí gidi. Àwọn ọ̀gá kan máa ń fi "ìpè" bo owó oṣù tí kò tó àti iṣẹ́ tó pọ̀ jù mọ́lẹ̀, wọn a ní ẹni tí Ọlọ́run pè kì í ka wákàtí. Bí ẹ kò bá ti gba ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ìsinmi láàyè nínú ìpàdé náà, ẹni tó ń jìyà kò ní gba ẹ̀yin náà gbọ́. Ẹ sì fi wíwá sí ìpàdé náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Má ṣe jẹ́ kí orúkọ ẹni tí kò wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kankan. Mùsùlùmí ni èmi, àmáánà, ìyẹn ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni láti tọ́jú, ni mo ka owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí, inú mi sì dùn ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìgbàgbọ́ tèmi sọ nípa iṣẹ́ mi, láìretí kí n gba ti ẹlòmíràn.

Olùkọ́ Àgbà:
Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan tó ń jẹ́ NetVUE, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, kó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ lórí ọ̀rọ̀ ìpè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn ní pàtàkì, ṣùgbọ́n kò sí bí òṣìṣẹ́ tí kò tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà ṣe máa tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lórí rẹ̀. Ẹ lè sọ èyí fún àwọn aláṣẹ yín bí wọ́n bá ń béèrè èrè ètò náà.

Akọ̀wé Ètò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Kò ní sí olùbánisọ̀rọ̀ lọ́dún yìí. Màá ṣe ìpàdé kékeré méjì, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, màá sì bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ owó oṣù kí n tó fi ìwé ìkésíni síta. Ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá ni màá kọ́kọ́ lọ bá, kí n bi í bóyá yóò bá mi ṣètò rẹ̀.