Ètò ìsanwó mélòó ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ àjùmọ̀lò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ yìí. Èmi àti alájọṣe mi fẹ́ ṣí ibi iṣẹ́ àjùmọ̀lò láìpẹ́, níbi tí oníkálukú yóò ti máa sanwó lo tábìlì láti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àyè wa kò tóbi: gbọ̀ngàn kan tó gba tábìlì 24, yàrá kékeré méjì, àti yàrá ìpàdé kan. Alájọṣe mi ti kọ ètò mẹ́sàn-án sílẹ̀, láti orí owó wákàtí kan títí dé owó ọdún kan, ó sì ní bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni oníkálukú yóò ṣe rí èyí tó bá a lára mu. Ọkàn tèmi kò balẹ̀ sí i, nítorí nígbà tí mo kà á fún àbúrò mi, kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ìkẹta àti ìkẹrin. Ẹ jọ̀wọ́, mélòó ló tó, kí sì ni kí a fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì?

Èsì kìíní

Ẹ kú ìdáwọ́lé o. Àbúrò yín ti dá yín lóhùn. Mẹ́rin ti tó: tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, owó oṣù fún ẹni tó ń jókòó síbi tó bá ṣófo, owó oṣù fún ẹni tó ní tábìlì tirẹ̀, àti yàrá tó ṣeé tì. Ẹ má ta wákàtí rárá, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà máa bá ènìyàn jiyàn lórí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní ti iye owó, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì ṣe òṣùwọ̀n. Bí owó oṣù bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èyí tó jẹ́ bí ọjọ́ 8 tàbí 9 lóṣù, yóò máa ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta yóò ṣírò o fúnra rẹ̀, yóò sì san owó oṣù láìjẹ́ pé ẹ rọ̀ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín pé ètò yín kéré. Ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni ibi iṣẹ́ àjùmọ̀lò tí Brad Neuberg, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, dá sílẹ̀ ní San Francisco ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 fi ń ṣílẹ̀kùn.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún tábìlì àdáni. Nígbà tí a ṣí tiwa, 14 nínú tábìlì 20 ni a tà bẹ́ẹ̀, inú wa sì ń dùn. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, mo ka mẹ́sàn-án nínú wọn tí kò sí ẹnikẹ́ni nídìí wọn, aṣọ òtútù kan lórí àga, ife kan tí kọfí ti gbẹ mọ́ nídìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọkùnrin kan padà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábẹ́ apá rẹ̀ pé ibi ìjókòó ti tán. Tábìlì àdáni kò ṣeé tà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọjọ́ tí olówó rẹ̀ kò wá. Ti àwọn tí kò ní ojú kan pàtó yàtọ̀: ẹ lè forúkọ ènìyàn tó ju iye àga lọ sílẹ̀, torí kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa ka orí láago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán fún oṣù kan ó kéré tán.

Èsì kẹta

Yàrá ìpàdé ni ìjà yóò ti bẹ́. Ẹ kọ iye wákàtí tó bá ètò kọ̀ọ̀kan rìn, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé èyí tí a kò bá lò kò ní wọ oṣù tó ń bọ̀. Oníbàárà wa kan tọ́jú tirẹ̀ jọ fún oṣù mẹ́rin, ó sì gba yàrá náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti fa igi lé márùn-ún nínú mẹ́sàn-án náà. Alájọṣe mi ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún owó ọdún kan, mo sì ti sọ fún un pé kí a kọ́kọ́ ka orí.