Ìtàn ìgbésí ayé Ìyá Tíṣà: ṣé kí n kọ ti pàṣán?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá Tíṣà wa papòdà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ìlú wa lẹ́bàá Ìkọ̀lé-Èkìtì. Àwọn ọmọ wọn ní kí n bá àwọn kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ojú ewé méjì péré. Èyí tí ẹbí kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí mi, ọjọ́ ìbí ni, oyè ìjọ, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ orúkọ kúrò, ẹ lè fi sin ìyá ẹnikẹ́ni.

Ohun tí èmi mọ̀ rèé. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọlé nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Bàbá wọn ti ní owó ìwé obìnrin kò sí lọ́wọ́ òun. Ọ̀fẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó rí nǹkan wí mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní A, B, D nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lábẹ́ igi máńgòrò, wọn ò gba kọ́bọ̀. Àwọn náà ló máa ń ṣáájú tí a bá fẹ́ ro ọ̀nà odò.

Ṣùgbọ́n ìyá nà wá o! Àpá kan ṣì wà ní ọwọ́ òsì mi. Ṣé kí n kọ ọ́?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ fi pàṣán sílẹ̀ jàre. Ta ló ń ka ẹ̀ṣẹ̀ òkú lójú pósí?

Àǹtí Aláṣọ: Èló ni aṣọ ẹbí? Ṣé ó ti jáde?

Olùbéèrè: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí èyí ná.

Bàbá Tíṣà: Ọmọ mi, iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn òbí fúnra wọn ló ń gbé pàṣán wá fún wa. Mi ò ní ó dára. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, lẹ́yìn tí wọ́n nà ọ́, kí ló tún ṣẹlẹ̀?

Olùbéèrè: Wọ́n wá sílé wa lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ìgò àdín, láti fi ra ọwọ́ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìyá mi ń ṣàìsàn, pé n kì í jẹun kí n tó wá síléèwé. Láti ọjọ́ kejì lọ, ẹ̀kọ àti àkàrà mi wà nínú báàgì wọn títí mo fi jáde.

Ìyá Ìbejì, Adó: O ti kọ ọ́ tán! Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìbí lè wà nísàlẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ó dáa, mo gbà. Pàṣán àti àdín, kí méjèèjì jọ wọlé.

Ará Ọ̀yẹ́: Èmi náà jókòó ní kíláàsì wọn. Ẹ má gbàgbé “ulé” o. Wọ́n á ní, “Ulé ni kí ẹ pè é fún ìyá yín, ilé ni kí ẹ kọ fún mi.” Wọn ò fi èdè wa ṣẹ̀sín rí. Èyí tó kù: ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá ọlọ́jà yẹn fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn sí ojú ewé ẹ̀yìn. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ka. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún atẹ̀wé.

Olùbéèrè: Mo lọ bá wọn lọ́jà láàárọ̀ yìí. Mọ́kànlá ló kọ ọ́. Ìyá aláta kan dá bírò dúró, ó bi mí bóyá “ẹ” tó wà nínú orúkọ òun ní àmì lábẹ́. Mo ní ó ní. Ó ní, “Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ìwọ náà ò tíì gbàgbé ni.”